Ẹnu Ọ̀nà Caravan Hall: Ìtàn Àpéjọ Àwọn Olólùfẹ́ Ìtàn Àròsọ Onísáyẹ́ǹsì

Ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni ẹ̀yà lítíréṣọ̀ tí òǹkọ̀wé ti máa ń fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, yálà èyí tí ó ti wà nílẹ̀ tàbí èyí tí ó ṣeé ṣe kí ó dé lọ́jọ́ iwájú, ṣe ìpìlẹ̀ ìtàn rẹ̀, tí ó sì ń sọ nípa ìrìnàjò sínú òṣùpá, nípa ẹ̀rọ tí ń ronú bí ènìyàn, tàbí nípa ẹ̀dá tí ó ti ayé mìíràn wá. Àwọn tí ó fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní àṣà kan tí àwọn òǹkàwé ẹ̀yà lítíréṣọ̀ mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ ní: wọ́n máa ń ṣe àpéjọ ọlọ́jọ́ mélòó kan nínú òtẹ́ẹ̀lì tàbí gbọ̀ngàn ńlá, níbi tí òǹkàwé, òǹkọ̀wé, olóòtú àti ayàwòrán ti ń jẹ tí wọ́n ń mu papọ̀, tí wọ́n ń jiyàn lórí ìwé, tí wọ́n sì ń ra ọjà lọ́wọ́ ara wọn. Ohun tí ó mú kí ìtàn àṣà yìí yàtọ̀ ni pé ẹni tí ó ń lọ síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ àjèjì pátápátá, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀ nínú lẹ́tà; síbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ta ni kí a jẹ́ kí ó wọlé àti ta ni kí a dá dúró sí ẹnu ọ̀nà ti ń bá àpéjọ náà yí.

Inú ìwé àtìgbàdégbà ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Hugo Gernsback, ọmọ ilẹ̀ Luxembourg tí wọ́n bí ní ọdún 1884, tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1904, ni ó dá Amazing Stories sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1926, èyí tí í ṣe ìwé àtìgbàdégbà àkọ́kọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì tí kò tẹ ohun mìíràn jáde ju ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì lọ. Kì í ṣe àwọn ìtàn inú ìwé náà gan-an ni ó bí àpéjọ, bí kò ṣe ojú ewé tí Gernsback yà sọ́tọ̀ fún lẹ́tà àwọn òǹkàwé, nítorí pé ó máa ń tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó kọ lẹ́tà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti rò pé òun nìkan ni ó ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò òun, tí àwọn ará ilé rẹ̀ sì ka ìwé náà sí ìranù nítorí àwòrán aláràbarà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, wá rí i pé ẹlòmíràn ń bẹ ní ìlú kejì tí ó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ó sì lè kọ̀wé sí onítọ̀hún tààrà láìgba ọwọ́ olóòtú kankan. Bí a bá ń wá ẹni tí ó dá àpéjọ sílẹ̀, a lè dárúkọ Gernsback, ṣùgbọ́n ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ni ọpẹ́ yẹ ju.

Láti inú lẹ́tà ni ẹgbẹ́ ti jáde. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1929, àwọn ọ̀dọ́ kan ní New York dá ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní Scienceers sílẹ̀, ilé ààrẹ wọn, Warren Fitzgerald, ní Harlem ni wọ́n sì ti ń pàdé. Aláwọ̀ dúdú ni Fitzgerald, ó sì ju àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà lọ lọ́jọ́ orí. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ ní àkíyèsí gidigidi, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ ìtàn àwọn olólùfẹ́ wọ̀nyí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn òyìnbó nìkan ni ó wà nídìí rẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ọdún àkọ́kọ́. Ní ọdún 1934, Gernsback, tí Amazing Stories ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ nígbà náà tí ó sì ti dá Wonder Stories sílẹ̀, kéde Science Fiction League, ẹgbẹ́ tí ó ní ẹ̀ka ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òwò ni ó fi í ṣe, kí ìwé rẹ̀ lè tà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi gba ẹgbẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n tún ń tẹ ìwé pélébé tiwọn tí a ń pè ní fanzine, ìyẹn ìwé ìròyìn tí olólùfẹ́ kan fi ẹ̀rọ ìdàkọ olówó pọ́ọ́kú tẹ̀ nínú ilé, tí ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ojúgbà rẹ̀ láìretí èrè. The Comet, tí ó jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1930, ni a sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1940 ni Russ Chauvenet ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní orúkọ tí ó ń jẹ́ dòní.

Ibi tí àpéjọ àkọ́kọ́ ti wáyé jẹ́ ohun tí ilẹ̀ méjì ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1936, àwọn ọ̀dọ́ bíi mélòó kan, tí Donald Wollheim àti Frederik Pohl wà lára wọn, wọ ọkọ̀ ojú irin láti New York lọ sí Philadelphia, wọ́n pàdé àwọn ojúgbà wọn ní ilé Milton Rothman, wọ́n sì sọ ìpàdé náà ní àpéjọ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 1937, nǹkan bí 20 ènìyàn pàdé ní Theosophical Hall ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lára wọn ni Arthur C. Clarke, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 19 nígbà náà, àti Eric Frank Russell, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dá ẹgbẹ́ Science Fiction Association sílẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé àwọn ló kọ́kọ́ pàdé, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àpéjọ ni ìpàdé tí a kéde ṣáájú, tí a gba gbọ̀ngàn fún, tí ẹni tí kò mọ onílé rí sì lè wá síbẹ̀, a jẹ́ pé Leeds ni ó ni í. Àbẹ̀wò ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni ti Philadelphia sún mọ́ jù lọ.

Ní New York ní ọdún 1939 ni àṣà náà ti di ohun ńlá, ibẹ̀ náà sì ni àléébù rẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn sí gbangba. Ní ọdún náà ni ìlú New York ṣe àfihàn àgbáyé kan tí wọ́n pe àkòrí rẹ̀ ní Ayé Ọ̀la, níbi tí ilé iṣẹ́ àti ìjọba oríṣiríṣi ti ń fi ẹ̀rọ tuntun àti àwòrán ìlú ọjọ́ iwájú han àwọn ènìyàn. Àwọn olólùfẹ́ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì rí i pé ọ̀rọ̀ tiwọn ni gbogbo ìlú ń sọ, wọ́n sì pinnu láti ṣe àpéjọ tiwọn ní àkókò kan náà. Ara orúkọ àfihàn yìí ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ àgbáyé yọ tí wọ́n fi pe tiwọn ní Àpéjọ Àgbáyé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó kún ibẹ̀. Ó wáyé láti ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 4 oṣù Keje ní Caravan Hall ní Manhattan, nǹkan bí 200 ènìyàn ni ó wá, Frank R. Paul tí ó ya àwòrán ẹ̀yìn ìwé Amazing Stories láti ìbẹ̀rẹ̀ sì ni àlejò pàtàkì. Wọ́n wo fíìmù Metropolis, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn olóòtú, wọ́n sì lu àwòrán tí àwọn ilé iṣẹ́ ìwé fi ta wọ́n lọ́rẹ ní gbàǹjo láti fi dí owó tí wọ́n ná.

Ẹgbẹ́ tí ó gbé àpéjọ náà kalẹ̀ ni New Fandom, tí Sam Moskowitz, Will Sykora àti James Taurasi jẹ́ olórí rẹ̀. Ìjà ti wà láàárín àwọn wọ̀nyí àti ẹgbẹ́ mìíràn ní New York tí ń jẹ́ Futurians, tí Wollheim, Pohl àti John Michel ń ṣe agbátẹrù rẹ̀. Michel ti sọ láti ọdún 1937 pé kò yẹ kí olólùfẹ́ ìtàn ọjọ́ iwájú jókòó tẹtẹrẹ kí ó máa ka ìwé, bí kò ṣe kí ó dara pọ̀ mọ́ òṣèlú àwọn Kọ́múníìsì láti mú ọjọ́ iwájú náà wá. Àwọn New Fandom sì sọ pé òṣèlú kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú ìwé kíkà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n rí ìdì ìwé pélébé aláwọ̀ yẹ́lò kan tí wọ́n fi pamọ́ nínú ilé náà, tí ó ń kìlọ̀ fún àwọn olùkópa pé kí wọ́n ṣọ́ra fún àwọn tí ó ń darí àpéjọ. Moskowitz ní kí àwọn Futurians tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣèlérí pé àwọn kò ní dá nǹkan rú, wọ́n sì kọ̀. Báyìí ni a ṣe dá ènìyàn 6 dúró síta: Wollheim, Pohl, Michel, Robert Lowndes, Cyril Kornbluth àti Jack Gillespie. Dave Kyle, ẹni tí ó kọ ìwé pélébé náà gan-an, ti wà nínú gbọ̀ngàn, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ pé òun ni. Isaac Asimov, tí òun náà jẹ́ Futurian, wọlé láìsí ìdíwọ́.

Àwọn òpìtàn àwọn olólùfẹ́ ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ewé jiyàn lórí ẹni tí ó jẹ̀bi. Moskowitz kọ ti ẹ̀yìn tirẹ̀ sínú ìwé The Immortal Storm, àwọn Futurians náà sì kọ tiwọn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù sí ẹni tí ń kọ ìtàn àṣà ni bí ẹnu ọ̀nà náà ṣe yí padà lẹ́yìn náà. Wollheim di olóòtú ńlá, ó dá ilé iṣẹ́ DAW Books sílẹ̀ ní ọdún 1971, òun sì ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan nínú àwọn àlejò pàtàkì Àpéjọ Àgbáyé ní New Orleans ní ọdún 1988. Pohl di òǹkọ̀wé àti olóòtú tí ó gba ẹ̀bùn léraléra lọ́wọ́ àpéjọ kan náà, títí dé ọdún 2010 tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn òǹkọ̀wé tí ó dára jù láàárín àwọn olólùfẹ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà di onílé.

Àwọn tí wọ́n jẹ́ kí ó wọlé náà ní ìtàn tiwọn. Asimov jẹ́ ọmọ ọdún 19, ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú Amazing Stories ti oṣù Kẹta ọdún náà ni. Ray Bradbury jẹ́ ọmọ ọdún 18, ó ń ta ìwé ìròyìn ní ìkóríta ní Los Angeles, kò sì ní owó ọkọ̀. Forrest J Ackerman, olólùfẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ni ó yá a lówó, ó sì gbé bọ́ọ̀sì la ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọjá. Ó kó àwòrán ọ̀rẹ́ rẹ̀, Hannes Bok, dání, ó fi wọ́n han olóòtú ìwé àtìgbàdégbà Weird Tales, olóòtú náà sì gba Bok sí iṣẹ́. Èyí fi hàn pé àpéjọ kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ lásán láti ìgbà náà: ibẹ̀ ni ọmọ tí kò ní ẹnì kankan ní ilé iṣẹ́ ìwé ti lè bá olóòtú sọ̀rọ̀ lójúkojú, èyí tí ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún bí ó bá jẹ́ pé lẹ́tà nìkan ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Ackerman fúnra rẹ̀ wá pẹ̀lú Myrtle Douglas, tí àwọn olólùfẹ́ mọ̀ sí Morojo, àwọn méjèèjì sì wọ aṣọ ayé ọ̀la tí Morojo fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, pẹ̀lú agbádá àlẹ̀mọ́ ẹ̀yìn tí ó jọ ti inú fíìmù. Nínú gbogbo àwọn tí ó wá, àwọn méjì yìí nìkan ni ó wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ackerman ni òkìkí rẹ̀ kàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ Morojo ni iṣẹ́ náà ti jáde, bí a bá sì fẹ́ sọ òótọ́, obìnrin yìí ni ìyá àṣà ìmúra tí gbogbo ayé ń ṣe ní irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ lónìí.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní Chicago, ìdíje ìmúra ti di ara ètò. Kò yẹ kí òǹkàwé Yorùbá fi wé eégún, nítorí pé kò sí ìbọ, kò sí ẹ̀sìn, kò sì sí àṣírí nínú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ, ìyìn iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n sì ń dù. Òfin rẹ̀ ń pọ̀ sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn mìíràn nínú òfin náà sì pani lẹ́rìn-ín: lẹ́yìn tí ẹnì kan fi ẹ̀pà lílọ̀ kun gbogbo ara rẹ̀ ní Los Angeles ní ọdún 1972, tí ó sì ba aṣọ àwọn ẹlòmíràn jẹ́, ọ̀pọ̀ àpéjọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀pà lílọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n kí ìdíje náà tó gbilẹ̀ bẹ́ẹ̀, Ogun Àgbáyé Kejì dá Àpéjọ Àgbáyé dúró láti ọdún 1942 títí di 1945. Èyí tí Los Angeles fẹ́ ṣe ní 1942 di ti ọdún 1946.

Lẹ́yìn ogun ni ìlànà àpéjọ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì yẹ kí a ṣàlàyé rẹ̀ nítorí pé ohun tí ó máa ń ya ẹni tuntun lẹ́nu jù nìyí. Owó tí ènìyàn san kì í ṣe owó ìwọlé bíi ti sinimá; owó ọmọ ẹgbẹ́ ni, ẹni tí ó bá sì san án ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan àwọn ìwé tí yóò gba ẹ̀bùn Hugo, tí a fi orúkọ Gernsback pè. Ní Philadelphia ní ọdún 1953 ni wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn òǹkọ̀wé ní ẹ̀bùn yìí, tí ó ní àwòrán rọ́kẹ́ẹ̀tì, ìwé The Demolished Man tí Alfred Bester kọ sì ni ó gba ti ìwé ìtàn gígùn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tún ń dìbò lórí ìlú tí yóò gba àpéjọ lálejò lọ́jọ́ iwájú. Àwọn tí ń ṣètò rẹ̀ kì í gba owó oṣù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dé bí oníbàárà, tí ó ń retí kí a ṣe é ní àlejò, kì í tètè mọ̀ pé ẹni tí ó ń fún òun ní báàjì orúkọ lẹ́nu ọ̀nà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ bíi tirẹ̀ tí ó san owó tirẹ̀ náà. Bákan náà ni àwọn olólùfẹ́ máa ń dáwó jọ láti mú ẹni tí wọ́n mọ̀ nínú lẹ́tà ré kọjá òkun: ní ọdún 1952 wọ́n dáwó mú Walt Willis, tí ó ń tẹ fanzine ní Belfast, wá sí Chicago, láti inú irú ìdáwó bẹ́ẹ̀ sì ni owó àjùmọ̀ní tí a ń pè ní TAFF ti jáde ní ọdún kejì, èyí tí ó ń gbé àwọn olólùfẹ́ láti Yúróòpù lọ sí Amẹ́ríkà àti láti Amẹ́ríkà lọ sí Yúróòpù títí di òní.

Tẹlifíṣọ̀n ni ó dé tí ó da ètò yìí rú. Ní Cleveland ní ọdún 1966, Gene Roddenberry fi eré Star Trek han àwọn olólùfẹ́ ní Àpéjọ Àgbáyé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí àwọn olólùfẹ́ eré náà wá ṣe àpéjọ tiwọn ní òtẹ́ẹ̀lì Statler Hilton ní New York ní oṣù Kìíní ọdún 1972, ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni àwọn olùṣètò ń retí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó dé ju 3,000 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin, ọ̀pọ̀ kò tẹ fanzine rí, wọn kò sì kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Eré tí wọ́n wò nínú yàrá wọn ni ó kó wọn wá. Àwọn àgbà olólùfẹ́ fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wọn, wọ́n ní wọn kì í kàwé, wọ́n sì ń fi orúkọ ẹ̀gàn pè wọ́n. Ẹ̀gàn náà kò tọ́: àwọn obìnrin bíi Bjo Trimble, tí ó dá àfihàn iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Àpéjọ Àgbáyé ní ọdún 1960, tí ó sì ṣáájú ìpolongo lẹ́tà tí ó gba Star Trek lọ́wọ́ ikú ní ọdún 1968, ti wà nínú ilé náà tipẹ́tipẹ́. Láti ìgbà náà ni ẹ̀ka méjì ti wà, èyí tí ìwé ń darí àti èyí tí àwòrán ń darí. Nínú ẹ̀ka ti àwòrán, àpéjọ San Diego tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún mélòó kan ń gba ju 100,000 ènìyàn lọ nísinsìnyí, nígbà tí Àpéjọ Àgbáyé kì í sábà kọjá ẹgbẹ̀rún mélòó kan.

Ìlẹ̀kùn tí ó pẹ́ jù kí ó tó ṣí ni ti àwọ̀ ara. Ní ẹ̀wádún 1950, òǹkọ̀wé fanzine aláwọ̀ dúdú kan tí ń jẹ́ Carl Brandon di gbajúmọ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́, kí wọ́n tó wá mọ̀ pé kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé Terry Carr àti àwọn òyìnbó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní California ni ó dá a sílẹ̀. Ó ṣòro láti rí àpẹẹrẹ mìíràn tí ó fi hàn tó bẹ́ẹ̀ bí ayé lẹ́tà ṣe rí: aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fi ìwé dá gbajúmọ̀, àwọn tí ó wà láàyè kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ní gbọ̀ngàn. Samuel R. Delany, tí wọ́n bí ní New York ní ọdún 1942 tí ó sì dàgbà ní Harlem, níbi tí àwọn Scienceers ti ń pàdé nígbà kan, gba ẹ̀bùn Nebula kí ó tó pé ọmọ ọdún 26. Síbẹ̀, ó sọ pé John W. Campbell, olóòtú tí ó lágbára jù nígbà náà, kọ ìwé Nova rẹ̀ nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Octavia Butler gba Hugo ní ọdún 1984 àti 1985. Ní ọdún 1999 ni a dá Carl Brandon Society sílẹ̀ láti máa gbé iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé tí kì í ṣe òyìnbó lárugẹ, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fa orúkọ ẹni tí kò sí yẹn lò. N. K. Jemisin di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba Hugo ti ìwé ìtàn gígùn ní ọdún 2016, ó sì gbà á lẹ́ẹ̀mẹta léraléra títí di 2018. Ní ọdún 2019, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé Jeannette Ng fi ta ko Campbell lórí pèpéle ní Dublin, a yọ orúkọ Campbell kúrò lára ẹ̀bùn tí a ń fún àwọn òǹkọ̀wé tuntun.

Àpéjọ Àgbáyé ti lọ sí Toronto ní ọdún 1948, sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1957, sí Heidelberg ní 1970, sí Yokohama ní 2007 àti sí Chengdu ní ilẹ̀ Ṣáínà ní 2023, ṣùgbọ́n títí di ọdún 2025 kò dé ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹnu ọ̀nà tí ó ń dá òǹkọ̀wé Nàìjíríà dúró lónìí kì í ṣe ti gbọ̀ngàn mọ́, bí kò ṣe ti ọ́fíìsì físà. Nítorí náà ni àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Áfíríkà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tiwọn: ìwé àtìgbàdégbà Omenana bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, wọ́n dá African Speculative Fiction Society sílẹ̀ ní ọdún 2016, wọ́n sì kéde ẹ̀bùn Nommo àkọ́kọ́ rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ti inú ìtàn ìṣẹ̀dá àwọn Dogon wá, níbi àjọ̀dún Aké ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017. Rosewater, ìwé tí Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó sì dàgbà ní Nàìjíríà, kọ nípa Nàìjíríà ọdún 2066, ni ó gba ti ìwé ìtàn gígùn, ìwé kan náà sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2019. Ní ìhà ti àwòrán, Lagos Comic Con, tí Ayodele Elegba dá sílẹ̀ ní ọdún 2012, ni ó ń kó àwọn ọ̀dọ́ tí ó wọ aṣọ ìmúra jọ.

Ìyàtọ̀ kan wà tí yóò fún òpìtàn ọ̀la ní wàhálà. Àwọn ọmọ New York ọdún 1939 kọ gbogbo ìjà, ìlàjà àti òfófó wọn sórí bébà, fanzine wọn sì wà ní ìpamọ́ ní àwọn yunifásítì, irú èyí tí ó wà ní Riverside ní California, débi pé a mọ àwọ̀ ìwé pélébé tí ó dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Àwọn tí ó pàdé ní Abẹ́òkúta àti ní Èkó ti mọ ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó fojú kanra, orí fóònù sì ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ wà. Kò tíì sí ibi ìkówèésí kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a mọ̀ mọ kíkó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́.